Ọ̀nà Inú Afẹ́fẹ́ Tí Mo Fi Ọjọ́ Ayé Mi Tọ́jú

Ọdún tí omi wọ yàrá wa n'Ígbúdù ní Warri, tí a gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù, tí adìyẹ wa sì lọ ń yé ẹyin sínú agbada tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ọdún náà ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pápá bàálù. Nọ́ńbà tí àwọn alákọ̀wé ń pe ọdún náà, mi ò mọ̀ ọ́n. Ayọ̀, àkọ́bí mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ di ògiri mú kó tó rìn nígbà náà, ẹ sì wo Ayọ̀ lónìí, ewú ti gba irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn ṣírò.

Tóbi, ọmọ Ayọ̀, ló ń bá mi kọ èyí. Èmi ò wọ ilé ìwé rí. Mo ń sọ, ó ń kọ. Tí mo bá yára jù, yóò ní, "Grandma, small small, my hand no be engine," màá sì dúró mu omi. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ ló ní kí n sọ tèmi. Tí mo bá ní kí n sọ ọ́ ní ẹnu kan, iṣẹ́ mi ni pé kí ohunkóhun má dúró lójú ọ̀nà bàálù tó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó sì ku díẹ̀ kí iṣẹ́ yìí tú ilé mi ká, nítorí ohun tó wá dúró sójú ọ̀nà náà, ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Màá dé ibẹ̀.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé wọ́n ń wá àwọn tí yóò máa gé koríko ní pápá bàálù kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú. Mo lọ, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ní kí n wá lọ́la. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan tí mo fẹ́ fi gba àkókò yín.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Pa Tosan. Ará Itsekiri ni, ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó kan àtàrí. Èdè tiẹ̀ àti Ìlàjẹ tèmi jọra débi pé tó bá ń kùn sí mi lábẹ́lẹ̀, mo ń gbọ́ ìdajì, mo sì máa ń dá ìdajì náà lóhùn. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kó fẹ́ràn mi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ rí. Níbi iṣẹ́, Pidgin ni gbogbo wa ń sọ, nítorí Urhobo wà níbẹ̀, Ijaw wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni rírìn. Láàárọ̀, kí bàálù kankan tó dé, a ó tò láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì rọ́nwè, ìyẹn ọ̀nà ọ̀dà gígùn tí bàálù ń bà lé. A ó wá máa rìn lọ, ojú gbogbo wa nílẹ̀, a ó máa ṣa òkúta, ìṣó, ọ̀rá, egungun ẹja tí ẹyẹ jù sílẹ̀. Ẹ lè rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Pa Tosan á tún rìn ín lẹ́yìn wa ní òun nìkan. Ohun tó bá rí, yóò mú un wá bá ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá, yóò fi sí i lọ́wọ́, kò ní sọ̀rọ̀. Kí ó bú mi sàn fún mi jùyẹn lọ.

Lọ́jọ́ kan ó dá mi dúró lẹ́nu géètì.

"Mama Ayọ̀, loose your scarf."

"Pa, for wetin?"

"I say loose am."

Mo tú u. Pínnì irun kan jábọ́ sílẹ̀, ó ró kín-ín lórí sìmẹ́ńtì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó na án sí mi.

"Na this one I dey find. Engine no sabi fine woman."

Láti ọjọ́ náà, òwú ni mo fi ń di irun mi lọ síbi iṣẹ́, títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ohun kejì tó kọ́ mi, ilẹ̀ ni a ti ń sùn kọ́ ọ. Bàálù kì í já bọ́ sórí rọ́nwè láti òkè bí àgbọn. Ibi tó jìnnà ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ tó tẹ̀ sílẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nítorí náà ohunkóhun tó bá wà níwájú rọ́nwè, igi ni o, ilé ni o, kò gbọdọ̀ ga dé ibi àkàsọ̀ náà. Pa Tosan ní ọ̀pá gígùn kan tó tọ́, tí ó ń gbé lé orí igi kúkúrú méjì ní ìpẹ̀kun rọ́nwè, èyí tó wà níwájú ga ju tẹ̀yìn lọ díẹ̀. Yóò fi ikùn lélẹ̀, yóò sùn gbalaja lórí koríko, yóò fi ojú kan tọ ọ̀pá náà lọ. Igi tí orí rẹ̀ bá yọ lókè ọ̀pá, a gbọ́dọ̀ gé e. Èmi náà sùn. Ìdí èyí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣòkòtò. Ìyá ọkọ mi rí mi nínú rẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti gba iṣẹ́ ológun.

Ṣùgbọ́n Pa Tosan kì í gé igi olóko kí ó tó lọ kí i. Ó le mọ́ wa, kò le mọ́ wọn. Yóò jókòó lọ́dọ̀ ìyá Urhobo tó ni ọ̀pẹ, yóò bi í léèrè ọmọ, yóò bi í léèrè ẹ̀yìn ríro, yóò jẹ èyí tí wọ́n bá fún un. Ó lè lọ léraléra kó tó mẹ́nu ba àdá. Mo máa ń bínú pé ó ń fi ọjọ́ ṣòfò. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni ìdajì iṣẹ́ náà.

Nígbà yẹn, ohun tí awakọ̀ bàálù fi ń wá wa nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú ni rédíò kan tó wà nínú ilé kékeré lẹ́bàá pápá. Ó kàn ń ké ṣáá ni. Ọwọ́ aago kan nínú bàálù yóò tọ́ka síbi tí igbe náà ti ń wá. Ó dára títí ààrá fi máa sán. Tí ààrá bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ aago yẹn á máa yí sọ́dọ̀ ààrá, bí ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níbi méjì.

Òwúrọ̀ kan ní àkókò òjò, bàálù kékeré kan ń bọ̀. A gbọ́ ọ nínú ìkùukùu. Ààrá ń sán. Nígbà tó yọ, kò yọ lójú rọ́nwè, ẹ̀gbẹ́ ló yọ sí, lókè àbàtà, ó sì ti wálẹ̀ jù láti tún gòkè. Ó fi ikùn fa ewé, ó wọ inú ẹrọ̀fọ̀ lọ. Ìró rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. Pa Tosan ló kọ́kọ́ wọ inú àbàtà náà, ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún. A tẹ̀lé e. Gbogbo wọn jáde láàyè, awakọ̀ nìkan ló dá lápá. Obìnrin kan dì mọ́ mi lọ́rùn, kò fi mí sílẹ̀ títí a fi dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sì mọ orúkọ mi, èmi náà ò mọ tiẹ̀.

Lẹ́yìn náà Pa Tosan jókòó sẹ́bàá kọ́ńtínà omi, ó ń fọ ẹsẹ̀, ó ń wo rọ́nwè tí a ti rìn lójúmọ́ náà, tó mọ́ tónítóní.

"We clear road for am," ó ní. "E no see the road."



Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni sátẹ́láìtì dé. Àwọn tó wá wọn ilẹ̀ nítorí rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ṣíwájú wọn, Bísí, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Warri. Ó gbọ́ tí mo ń bá ara mi sọ Yorùbá, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù. Láti ọjọ́ náà, Mọ̀ọ́mi ló ń pè mí. Ó ní ẹ̀rọ kan tó dà bí olú, tó ń gbé lé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mo bi í kí ni olú náà ń ṣe.

"Mọ̀ọ́mi, ó ń gbọ́ràn ni."

"Kí ló ń gbọ́?"

Ó nawọ́ sókè. Ó ní àwọn nǹkan kan ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún, èèyàn ló sọ wọ́n síbẹ̀, wọ́n sì ń pariwo ibi tí wọ́n wà àti àsìkò tí wọ́n pariwo. Ó ní, "Tí èèyàn mẹ́rin bá ń pè yín láti ibi mẹ́rin, tí ẹ sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe jìnnà sí yín tó, ṣé ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ dúró sí?" Mo ní màá mọ̀ ọ́n. Bàbá mi, apẹja ni létí òkun wa, igi èbúté méjì ló fi ń mọ ibi tí ó sọ àwọ̀n sí. Bísí ní ohun kan náà ni. Bàálù yóò ní olú tirẹ̀ nínú, ààrá kò sì lè pè é sọ́nà mìíràn. Wọ́n á ti wọn àkàsọ̀ inú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ láti òkè dé ẹnu rọ́nwè, awakọ̀ á máa tọ̀ ọ́ bọ̀, bí kò tilẹ̀ rí nǹkan kan.

Pa Tosan tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí Bísí gbé olú rẹ̀ lọ síbi tí òun ń sùn sí pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n wọn gbogbo igi wa. Nígbà tí wọ́n parí, Bísí ní kò sí ọ̀kan tó ga kọjá àkàsọ̀ náà. Pa Tosan kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pín iṣu sísun rẹ̀ fún un.

Nígbà tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni ó fi ṣe olórí àwọn tó kù. Ó gbé ọ̀pá náà lé mi lọ́wọ́.

"No let anybody dry cloth for this thing."

Ìdágbére rẹ̀ nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ní màá dé.

Bàbá Ayọ̀, ọkọ mi, wẹ́dà ni ní Deco Road. Tó bá jó irin pọ̀, o ò ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. A ti kó lọ sí Ugborikoko nígbà náà. Ṣọ́ọ̀ṣì àwa Ìlàjẹ wà létí odò, lẹ́yìn ìpẹ̀kun rọ́nwè, ní ìhà tí bàálù ti ń sọ̀ kalẹ̀. Apẹja ni ìdajì ìjọ. Ìyá mi kú ní ìlú wa, mo lọ sin ín, mo pẹ́ díẹ̀. Ìgbà tí mo lọ ni wọ́n gbé òpó irin kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àgbélébùú wà lórí rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ láti odò lè máa rí i láti òkèèrè bí kùrukùru bá bolẹ̀. Bàbá Ayọ̀ ló ṣe é, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi, kó lè yà mí lẹ́nu.

Ó yà mí lẹ́nu. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ ìsinmi, mo gbé ojú sókè wò ó. Ohun tó lẹ́wà jù tí mo rí kó fi irin ṣe nìyẹn.

"O rí i?" Bàbá Ayọ̀ bi mí.

"Mo rí i."

"Kò ga?"

"Ó ga."

"Kí ló dé tí o ń dáhùn bí ẹni tí eyín ń ro?"

"Bàbá Ayọ̀, ó ga jù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Fún ta ni? Fún Ọlọ́run?"

"Fún bàálù."

Lọ́jọ́ kejì mo sùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Àgbélébùú náà yọ lókè rẹ̀ gbàn-ùn. Mo pe Bísí, èmi ni mo pè é. Ó gbé olú rẹ̀ wá, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Mọ̀ọ́mi, ta ló ṣe é?"

"Ọkọ mi ni."

Ó tún wòkè. "Iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́."

"Ó mọ́."

"Ẹ má bínú o. Mo ní láti ti ọ̀nà yẹn pa."

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé títí òpó náà á fi kúrò, kò sí awakọ̀ tó gbọ́dọ̀ tọ àkàsọ̀ sátẹ́láìtì bọ̀ láti ìhà yẹn. Yóò dúró sókè réré, bí kò bá rí ilẹ̀ láti ibẹ̀, kó padà síbi tó ti wá. Ọyẹ́ sì ti ń bọ̀, ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í rí ilẹ̀. Bísí ní wọ́n lè mú ọlọ́pàá wá wó o. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi láyè. Mo rántí ìyá ọlọ́pẹ àti Pa Tosan tó ń bi í léèrè ọmọ.

Nílé, Bàbá Ayọ̀ ti gbọ́.

"Ìwọ lo lọ fẹjọ́ mi sùn."

"Iṣẹ́ mi ni."

"Èyí tí mo ṣe ńkọ́, eré ni?"

Ó jẹun o, kò kọ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ló ń kí. Yóò jẹ tán, yóò wo ìsàlẹ̀ abọ́, yóò ní, "Ọbẹ̀, o ṣeun." Èmi tí mo se é, mo wà níbẹ̀ bí àga.

Wọ́n pe ìpàdé lẹ́yìn ìsìn. Bàbá Alúfàá wa, apẹja ni òun náà, ó ní òun kò lóye ọ̀rọ̀ mi. "Ìyá Ayọ̀, ṣe bí ẹ ní ẹ̀rọ yín ń wo ayé láti ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ tó wà lókè tó bẹ́ẹ̀, kò rí òpó wa ni? Kó rí i, kó yà fún un."

Gbogbo ìjọ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Bàbá, kì í ríran. Ó kàn ń sọ fún awakọ̀ ibi tó wà ni. Ẹ jẹ́ ká ní mo di Bàbá Ayọ̀ lójú, mo wá ń sọ fún un pé, 'O ti dé ìloro, o ti dé ẹnu ọ̀nà, máa bọ̀.' Gbogbo ohun tí mo sọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti gbé korobá síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí mo wo ilé, yóò kọ lu korobá."

Bàbá Ayọ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Ta ló gbé korobá síbẹ̀?"

"Ìwọ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kódà Alúfàá rẹ́rìn-ín. Bàbá Ayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìyá kan sì dìde, ó ní, "Ìyá Ayọ̀, ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti odò nínú kùrukùru. Àwọn tó wà nínú bàálù, ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn pọ́n ju tiwa lọ ni?" Òun náà ní òótọ́ lọ́wọ́. Ìpàdé tú ká bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kò kí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ọyẹ́ dé. Ó nípọn lọ́dún náà débi pé láti ṣọ́ọ̀ṣì o kò rí odò. Bàbá Ayọ̀ lọ kun òpó náà ní ọ̀dà funfun, bóyá láti fi hàn mí pé ó ń bẹ níbẹ̀. Èmi wà nísàlẹ̀, mo gbé omi wá fún un, nítorí pé a ń jà kò sọ pé kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ó wà lókè lẹ́bàá àgbélébùú nígbà tí a gbọ́ bàálù.

Ó ń yí po. A kò rí i. Ìró rẹ̀ gba orí wa kọjá, ó lọ, ó tún padà. Mo mọ ohun tí awakọ̀ náà ń ṣe, ó ń wá ibi tí ihò bá wà nínú kùrukùru. Bàbá Ayọ̀ di òpó mú, ó ń yí ọrùn tẹ̀lé ìró náà, ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan. Ó tún kọjá. Lẹ́yìn náà ìró náà dínkù, ó lọ sí ọ̀nà Benin, ó tán.

Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ọ̀dà ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Ta ló wà nínú rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ó sún mọ́ mi?"

"Ká ní ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ ni, tí ó sì tọ̀ ọ́ bọ̀, ibi tí o dúró sí lókè yẹn gan-an ni ì bá gbà."

Ó gba omi náà, ó mu ún tán. Ó ní, "O ṣeun." Èmi ló kí.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé gáàsì tó fi ń gé irin wá láti Deco Road. Ó kọ́kọ́ lọ bá ìyá tó ní ọmọ lójú odò, ó jókòó tì í, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gun òpó, ó gé e láti òkè wá sílẹ̀, gígé kan tẹ̀lé òmíràn, Alúfàá àti àwọn ọkùnrin ìjọ ń fi okùn gbà á. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan iná náà. Irin tó gé ló fi ṣe òpó kúkúrú méjì, ó kùn wọ́n ní funfun, ó ri ọ̀kan mọ́ etí odò, ó ri èkejì sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí àwọn apẹja máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wo igi èbúté nílé: bí ọ̀kan bá ti bo èkejì, ojú ọ̀nà lo wà, máa bọ̀. Ọmọ ìyá náà ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó ní ó sàn fún òun ju àgbélébùú lọ, nítorí kùrukùru kì í jẹ́ kí òun rí orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bísí wá wọn ibẹ̀, wọ́n ṣí ọ̀nà náà padà. Mo mú Bàbá Ayọ̀ dání wá sí pápá ní òwúrọ̀ kan tí ọyẹ́ ṣì bolẹ̀. A dúró lẹ́bàá koríko. A gbọ́ ọ, kò yí po. Ó kàn yọ láti inú funfun náà, ó kéré, iná rẹ̀ ń tàn, ó dojú kọ àárín rọ́nwè gan-an, ó balẹ̀. Bàbá Ayọ̀ bọ́ fìlà.

Kò pẹ́ sí ìgbà yìí ni ojú rẹ̀ kò gba iná wẹ́dà mọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa pé jọ láti bá a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jiyàn lórí iṣẹ́ tí wọn yóò dárúkọ fún ìjọ. Ayọ̀ ní géètì ńlá kan báyìí ní Deco Road ni. Àbúrò rẹ̀ ní rárá, àkàsọ̀ onírin oníyìípo tó ṣe sílé olówó kan ni. Mo ní kí wọ́n dárúkọ òpó tó gé.

Ayọ̀ ní, "Màmá, òpó yẹn ò sí mọ́. Kí la fẹ́ nawọ́ sí?"

Mo kó gbogbo wọn jáde síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wọ́n gbójú sókè. Wọ́n gbójú sókè. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà níbẹ̀, àti lékeléke kan tó ń kọjá.

Mo ní, "Ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ nawọ́ sí. Bàbá yín ló ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wálé."